Fúláàṣì A sí Z tí mo rà ní Dùgbẹ̀

Ó ti di ọdún 17 tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, rédíò kò sì kúrò lórí tábìlì mi rí. Bí máṣìnì bá ń dún tí rédíò náà ń dún, oorun kì í kun àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìpolówó àgbo àti àríyànjiyàn òṣèlú ti gba orí afẹ́fẹ́, orin tí mo fẹ́ràn kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ mọ́ àfi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Orin òyìnbó tí a ń pè ní kọ́ńtírì ni mo ń wí: Jim Reeves, Don Williams, Kenny Rogers, Dolly Parton, Skeeter Davis. Olùkọ́ ni bàbá mi. Àwo Jim Reeves mẹ́ta ló ní, ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n bí kò bá sí nílé, Kérésìmesì kan ò sì lè kọjá nílé wa kí a má gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, mo lọ ra òwú àti síìpù ní Dùgbẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agbòòrùn níwájú àwọn onísíìpù, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé orí àpótí mínírà, ó ń kó orin sínú fúláàṣì àti káàdì fún àwọn èèyàn. Ó bi mí pé irú orin wo ni mo fẹ́. Mo ní kọ́ńtírì, àwọn ti àtijọ́. Ó ní, "Ẹ dárúkọ wọn, Mọ̀mí." Mo ka mẹ́jọ, mo ka mẹ́sàn-án, ẹnu mi wọhò. Orin tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, orúkọ mẹ́sàn-án péré ni mo lè dá! Ó ní kí n má da ara mi láàmú, òun ní èyí tí òun ti tò láti A dé Z.

₦7,500 ni mo san. ₦5,000 jẹ́ owó fúláàṣì 16GB, ₦2,500 jẹ́ owó orin. Mo ná an títí, kò gbà, ṣùgbọ́n ó fi ìwé àtò orin kún un: ojú ìwé mẹ́jọ tó fi pín-ìn-nì dè pọ̀ légbẹ̀ẹ́, orin 312 nínú rẹ̀. Ìwé yẹn gan-an ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí lé lórí, nítorí bí kò bá sí i, fúláàṣì lásán ni mo rà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Rédíò kékeré tí mo ń lò kò ní ojú tó lè gbé ọ̀rọ̀ jáde. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń yọ lójú rẹ̀: 057, 214. Bí èèyàn bá ki fúláàṣì tó ní orin 312 bọ irú rédíò báyìí, inú òkùnkùn ló wà, yóò kàn máa tẹ̀ síwájú, á máa tẹ̀ sẹ́yìn. Nínú ìwé ọkùnrin yìí, lẹ́tà wà lókè gàdàgbà, nọ́ńbà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà orúkọ orin, lẹ́yìn náà olórin. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí rédíò, orin náà wọlé. Ó sọ fún mi pé rédíò irú èyí kì í ka lẹ́tà rárá. Bí wọ́n bá ṣe kó orin wọlé, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni nọ́ńbà kìíní. Nítorí náà ló ṣe kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí nọ́ńbà inú ìwé àti ti inú rédíò lè bára mu. Iṣẹ́ sùúrù nìyẹn. Èmi tí mo ń ka pílíìtì sára yẹ̀rì mọ iyì rẹ̀.

Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má pa orin kankan rẹ́ nínú rẹ̀. Mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ọmọ mi ọkùnrin ti fi áàpù orin sórí fóònù mi lọ́dún tó kọjá. Ohun tí áàpù náà kọ́kọ́ bi mí ni orúkọ orin tí mo fẹ́. Mo tẹ mẹ́sàn-án tí mo mọ̀. Láti ìgbà náà, mẹ́sàn-án yẹn àti àwọn ìbátan wọn ló ń gbé wá fún mi, dátà sì ń lọ. Orin tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ bèèrè rẹ̀? Lẹ́tà ò bi mí ní nǹkan kan ní tirẹ̀. Mo kàn sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé B la máa gbọ́ lónìí, a ó sì gbọ́ B láti òkè délẹ̀, gbajúmọ̀ àti ẹni tí a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin yìí mọ̀ nìyẹn. Ó ju ẹwà ohùn lọ, ó ju iye orin lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe A rárá. "9 to 5" ti Dolly Parton, ti ọdún 1980, ni nọ́ńbà 001, nítorí pé lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ṣáájú lẹ́tà. Bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ń dún ta-ka-ta-ka nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ní máṣìnì ìtẹ̀wé ni. Mo ti wá mọ̀ pé èékánná ọwọ́ Dolly fúnra rẹ̀ ló fi ṣe é, èékánná gígùn tó lẹ̀ mọ́wọ́, ó ń gbá wọn mọ́ra wọn bó ṣe ń wá orin náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ní ṣọ́ọ̀bù tí máṣìnì mẹ́ta ti ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà, orin náà bá wa lára mu débi pé òun la fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ báyìí.

A gba A kọjá lọ́jọ́ kan. George Strait wà níbẹ̀ pẹ̀lú "Amarillo by Morning", orin ẹni tó ń rìnrìn àjò lóru lọ sí ìlú Amarillo ní Texas, ó dùn. B náà dára, pàápàá Willie Nelson nínú "Blue Eyes Crying in the Rain", ti 1975, níbi tó ti fi gítà díẹ̀ àti ohùn díẹ̀ sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n C ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Kò sí C nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. A, B, D, E, Ẹ, F, G, GB: báyìí ni bàbá mi ṣe kọ́ wa, bí orin, pẹ̀lú ẹgba lórí tábìlì. Lẹ́tà 25 ni, C, Q, V, X àti Z kò sí lára wọn. Bóyá nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣí ojú ìwé C láìretí nǹkan kan níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí iná, máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò, mo ń lẹ etí bùbá kan. Nọ́ńbà 033 wọlé: "Coat of Many Colors", Dolly Parton, 1971. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi.

Obìnrin kan nínú orin náà rí àpótí aṣọ àkísà gbà, aṣọ oríṣiríṣi àwọ̀, gbogbo wọn kéékèèké. Òtútù ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní kóòtù. Ìyá náà jókòó, ó ń gán àwọn ìrépé yẹn pọ̀, bó sì ṣe ń gán wọn ló ń sọ ìtàn Jósẹ́fù inú Bíbélì àti ẹ̀wù alárabarà rẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé, inú rẹ̀ dùn, àfi bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ò lóye ìdí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, nítorí lójú tirẹ̀, ìfẹ́ ìyá rẹ̀ wà nínú gbogbo ojú abẹ́rẹ́ tó wà lára kóòtù náà. Ẹsẹ̀ mi dúró lórí pátákó máṣìnì. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ní kí wọ́n tún 033 tẹ̀.

Mo ní kí ọmọ mi bá mi wá ìtàn orin náà sórí fóònù lálẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ kẹrin nínú ọmọ méjìlá ni Dolly, wọ́n bí i lọ́dún 1946 ní ìpínlẹ̀ Tennessee, lágbègbè olókè, tálákà paraku ni wọ́n, ìyá rẹ̀ ló rán kóòtù náà. Ohun tó wá mú mi pariwo ni èyí: nígbà tí orin náà sọ sí i lọ́kàn, inú bọ́ọ̀sì ló wà pẹ̀lú Porter Wagoner, olórin tí wọ́n jọ ń ṣeré kiri nígbà náà. Kò rí ìwé kọ ọ́ sí. Ìwé tí alágbàfọ̀ fi mọ́ aṣọ Wagoner ló já, ó sì kọ orin sẹ́yìn rẹ̀. Orin aṣọ lórí ìwé aṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ránṣọ yóò mọ àpò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wà lábẹ́ tábìlì gbogbo aránṣọ: àpò ìrépé. Àwọn mẹkáníìkì máa ń wá bu tiwa láti fi nu ọwọ́, ìyókù a máa di tìmùtìmù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọ iṣẹ́ mi àgbà tú àpò náà sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣa àǹkárá aláwọ̀ ewé tó kù nínú aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan, ó ṣa àdìrẹ Abẹ́òkúta, ó ṣa léèsì òféfèé tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ṣa àkísà ṣẹ́dà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ó gé gbogbo wọn ní igun mẹ́rin, ó gán wọn pọ̀, ó fi pópù funfun tẹ́ inú kó má baà gún ara, ó sì fi rán gáùn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá àgbà kan tó ń kọjá ní ó jọ agọ̀ eégún, kì í sì í ṣe pé ó ń bú u. A mọ̀ pé ìrépé orí ìrépé ni aṣọ eégún ń gbà níyì. Láti ọjọ́ náà, mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà mi ló ti bèèrè irú gáùn yẹn. Inú C ló ti wá.

Lọ́jọ́ D, mo mọ nǹkan kan nípa bàbá mi. "Distant Drums" ti Jim Reeves wà níbẹ̀. Ọdún 1966 ni orin yìí gbapò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jim Reeves sì ti kú ní 31 Oṣù Keje 1964, nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ń wà, lẹ́bàá Nashville. Ọdún 1977 ni wọ́n bí mi. Ohùn òkú ni bàbá mi ń mú wa gbọ́ ní gbogbo Kérésìmesì yẹn, kò sọ fún wa rí. Bó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, èèyàn á rò pé aládùúgbò wa kan ni.

H ló mú kí n gbà pé lẹ́tà mọ ohun tó ń ṣe. Nọ́ńbà 093 ni "He'll Have to Go", orin tí bàbá mi fẹ́ràn jù. Ọkùnrin kan wà nílé ọtí, ó ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní kó sún ẹnu mọ́ fóònù dáadáa, òun á ní kí wọ́n rẹ orin ilé ọtí sílẹ̀, kí obìnrin náà sì sọ fún ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó máa lọ. Mo mọ ìyẹn sórí. Orin parí, nọ́ńbà 094 sì wọlé, ohùn orin kan náà, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń kọ ọ́. Mo wo ìwé: "He'll Have to Stay", Jeanne Black, 1960. Ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù ló ń fèsì! Ó ní òun ti rí ẹlòmíràn, ẹni náà ni yóò dúró. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo. Ní gbogbo ọdún tí bàbá mi fi gbé àwo rẹ̀, ẹnu ọkùnrin nìkan la ti gbọ́ ẹjọ́ yìí nílé wa. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi orin méjèèjì sún mọ́ra. G ló ṣáájú S, ó tán.

I gba ọjọ́ méjì gbáko lọ́wọ́ wa. Orin 41 ló wà níbẹ̀, nítorí "I" ni òyìnbó ń pe èmi, olúkúlùkù sì fẹ́ sọ tara rẹ̀: I Fall to Pieces, I Walk the Line, I Can't Stop Loving You, I Love You Because. Bó bá jẹ́ pé ní èdè wa ni, abẹ́ M ni gbogbo wọn ì bá kó sí, "Mo" báyìí, "Mo" bọ̀hún. Níbẹ̀ ni ìjà ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ lórí "I Will Always Love You". Wọ́n ní Whitney Houston ló ni ín. Ìwé ní 124 ni ti Dolly, 1974. 125 ni ti Whitney, 1992. Wọ́n tẹ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Dolly ló kọ ọ́, nígbà tó fẹ́ fi ètò Porter Wagoner sílẹ̀, ìdágbére ni. Elvis Presley fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n máníjà rẹ̀ ní àfi kí Dolly fún àwọn ní ìdajì ẹ̀tọ́ orí orin náà. Dolly sunkún, kò gbà. Mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ó dà bí kí ẹnìkan ní òun ò ní wọ aṣọ tí mo rán àfi kí n fún òun ní ìdajì máṣìnì mi. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí Whitney kọ ọ́ kí wọ́n tó mọ iye tí ohun tí Dolly kọ̀ láti fi sílẹ̀ tó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ Dolly yìí dé, ohun kan ń dùn mí, mi ò sì ní fi pamọ́ nínú àgbéyẹ̀wò yìí. Nínú ₦2,500 tí mo san fún orin, kọ́bọ̀ kan ò dé ọwọ́ ẹni tó kọrin. Bí ẹnìkan bá wo sítáìlì mi lójú tó lọ rán an tà, inú mi kì í dùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin náà nígbà tí mo padà lọ. Kò bá mi jiyàn. Ó ní òun san owó sábẹ́ agbòòrùn, òun san ti iná, ẹnikẹ́ni ò wá gba ti olórin lọ́wọ́ òun rí.

J, K, L, M, N, O kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, P náà. Nígbà tó di Q, mo fẹ́ fò ó. Orin kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n, wá wọn ara fún aṣọ ọjọ́ ìbí wọn. Mo ti fi téèpù yí wọn láyà, mo ń pe ìwọ̀n fún ọmọ iṣẹ́ kó kọ ọ́, ni òmíràn tẹ 216. Kí obìnrin tó ń kọrin tó sọ gbólóhùn méjì, Ìyá Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìka, "pá, pá", téèpù mi sì ń bọ́.

"Aránṣọ, 'King of the Road' nìyí!"

"Rárá o, mà. K ni ìyẹn, a ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mo ní orin rẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ ọ!"

Wọ́n jàre. "Queen of the House" ni, ti Jody Miller, ti 1965. Roger Miller ló kọ́kọ́ ṣe "King of the Road" lọ́dún náà, nípa arìnrìn-àjò tí kò ní kọ́bọ̀, tó ń gbálẹ̀ kó lè rí yàrá sùn, síbẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní ọba títì. Orúkọ bàbá wọn jọra, wọn kì í ṣe ẹbí. Obìnrin náà gbé orin kan náà, ó fi sọ ti ẹni tó ń jí láago mẹ́fà láti dáná fún ọkọ àti ọmọ mẹ́rin, ó ní òun náà ni ayaba ilé. Ó gba ẹ̀bùn Grammy fún un. Ìyá Ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ ti K, lẹ́yìn náà ti Q, lẹ́yìn náà ti K. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ti K délẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn wà nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi fún wákàtí méjì, aṣọ ò rántí wọn mọ́.

Àwọn ni wọ́n ṣàlàyé àléébù tó tóbi jù nínú ìwé náà fún mi. T gùn jù. Orin 38 ló wà níbẹ̀, 22 nínú wọn ló sì jẹ́ pé "The" ló gbé wọn débẹ̀: The Gambler, The End of the World, The Battle of New Orleans, The Most Beautiful Girl. Mo ti wá "Gambler" ní G títí tí mo fi sọ pé kò sí nínú fúláàṣì. Ìyá Ọ̀gá ní nílé ìkàwé, wọn kì í ka "The" mọ́ orúkọ ìwé, wọ́n á fò ó, wọ́n á tò ó síbi ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà ọkùnrin yìí ò mọ ìyẹn. Bí ẹ bá ń wá orin kan tí ẹ ò rí i, ẹ wo T kí ẹ tó bínú.

Àwọn àléébù yòókù kéré. Nọ́ńbà 160 ní Don Williams ni, ohùn obìnrin ló jáde. Orin mẹ́ta já láàárín. Ọ̀kan ń jẹ́ "Track 07", ó sì wà lábẹ́ T bí ẹni pé orúkọ gidi ni. Àwọn orin kan wà lẹ́ẹ̀mejì, bíi "Green, Green Grass of Home" tí Porter Wagoner kọ àti èyí tí Tom Jones kọ, èmi ò ka ìyẹn sí àléébù. Ṣùgbọ́n "Four Walls" ti Jim Reeves wà lẹ́ẹ̀mejì, orin kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, nọ́ńbà 068 àti 069. Ọmọ mi bá mi pa 069 rẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti sún síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé àti rédíò ò bára mu mọ́ láti 070 lọ. Ohun tí ọkùnrin náà kìlọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́.

Mi ò gbọdọ̀ gbàgbé "Together Again" ti Buck Owens, 1964, ní ìsàlẹ̀ T. Láàárín orin náà, gítà kan wọlé tó ń sunkún, tó ń fa ohùn bí ẹni fa rọ́bà, kò sì já. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù, tí kò fẹ́ràn orin òyìnbó rárá, gbé orí sókè: "Àbí Sunny Adé ni?" Ojú rẹ̀ là. Irú gítà yẹn, èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ bíi tábìlì tí wọ́n ń fi irin yí lójú okùn, ni Demọ́lá Adépọ̀jù ta nínú ẹgbẹ́ African Beats ti King Sunny Adé, òun ló sì wà nínú àwo Juju Music ti 1982 tó gbé jùjú dé etí gbogbo ayé. Mo ti ń jó sí gítà náà láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin. Mi ò mọ̀ pé àwọn kọ́ńtírì ni wọ́n jọ ni ín.

X àti Z ṣófo. V ní méjì, U ní méjì. Ìwọ̀nyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn bínú sí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ bèèrè ìwé kí ẹ tó bèèrè iye orin. Èyí tí wọ́n kó orin 2,000 sí láìsí ìwé, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ní kí ó tẹ nọ́ńbà bíi mẹ́wàá níṣojú yín, láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin, kí ẹ gbọ́ bóyá ohun tí ìwé sọ ló ń jáde. Ẹ mú rédíò yín dání lọ, nítorí àwọn mìíràn ò lè ka fúláàṣì ńlá. Èyí tí mo rà, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Bó bá tún "The" yẹn tò, á gba márùn-ún.

Ìyá Ọ̀gá ti lọ ra tiwọn lọ́dọ̀ ọkùnrin kan náà, fúláàṣì kan náà, ìwé kan náà. Wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù báyìí, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn ò sì ní kí mi tán kí wọ́n tó pe nọ́ńbà. Lálẹ́ àná, wọ́n ní, "Aránṣọ, ẹ tẹ 211 kí ẹ gbọ́ nǹkan." Tiwọn ṣì pé, "Four Walls" méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Mo tẹ 210, Hank Locklin wọlé nílé tèmi, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé nílé tiwọn náà lórí fóònù.